Iṣu Ń Hù ní Igun Yàrá

Mẹ́dùpìn kì í bi mí mọ́ ohun tí mo fẹ́.
Bí mo bá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, aago méje alẹ́,
ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ òkè:
bisikíìtì onípépà pupa méjì,
mínírà kan tó tutù bí òkúta odò.
"Òkun o, Tíṣà."
Á dì í sínú ọ̀rá dúdú, á ta á ní kókó,
bí ẹni tó mọ̀ pé kò yẹ kí ayé rí i.

Ebi ò pa mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa.
Mo jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, mo yó, mo ṣẹ́kù sínú abọ́.
Ohun tó ń pa mí kì í gbé inú ikùn.
Ìgbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn ló máa ń dìde,
tí kò sẹ́ni tó ní "ṣé o ti dé?",
tí ọkọ̀ símẹ́ńtì ń gba Kábà kọjá
tí gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n bí eyín arúgbó.

Èkíní dùn. N ò ní purọ́.
Iyọ̀ àti ṣúgà dì mọ́ra wọn lórí ahọ́n mi,
èjìká mi sọ̀ kalẹ̀.
Èkejì, mo ń wá adùn èkíní.
Ẹ̀kẹta, mo ṣì ń wá a.
Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ló ń jẹun, èmi ò sí nílé.
Ó ń rún wómúwómú lẹ́nu mi,
ariwo yẹn sì jọ ti ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.
Kí ikùn tó ránṣẹ́ pé ó tó,
ìka mi ti kan ìsàlẹ̀ ọ̀rá,
ó ń fi itọ́ ṣa èérún.

Ẹni tó ṣe é mọ̀ mí.
Ó jókòó níbì kan, ní ìlú tí n ò dé rí,
ó wọn iyọ̀, ó wọn òróró, ó wọn ìdáwà mi,
ó mọ yàrá tí "ó tó" ń sùn sí nínú ara,
ó yọ́ ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé
kó má baà jí i.

Láàárọ̀, orí mi wúwo. Mo jágbe mọ́ Ìpìnmoróti
nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo.
Ó fa áńkáṣífù yọ láti nu ojú,
pépà pupa bọ́ sílẹ̀ lápò rẹ̀.
Òun náà wò ó. Èmi náà wò ó.
N ò lè bá a wí.

Bàbá mi fi iṣu mẹ́ta rán ọlọ́kadà láti Ògìdì.
Lórí fóònù: "Ṣé o ti gún un?"
"Mo ti gún un, Bàbá. Ó funfun báláú."
Irọ́ ni. Iṣu ń bẹ ní igun yàrá, ó ń hù,
ọ̀mùnú rẹ̀ ti na ọrùn sójú fèrèsé,
ó ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga mi.
Iyán máa ń béèrè: ta ló ń bọ̀?
Ta ni yóò di ọmọ odó kejì mú?
Bisikíìtì kì í béèrè ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ àná, mo gé iṣu náà lórí,
mo dá orí rẹ̀ sí, mo kanlẹ̀kùn Ìyá Jẹ́mírìn.
"Mo ní iṣu."
"Ní aago mẹ́sàn-án?"
Ó wò mí títí. Ó gbé omi kaná.

Omi ò tètè hó. Ọwọ́ mi wọ àpò,
ó bá bisikíìtì kan tí mo ti gbàgbé.
Mo dá a sí méjì. Ó gba tirẹ̀.
"Ó dùn," ló wí.
"Ó dùn," ni mo wí.
A jókòó, a ń tẹ́tí sí ìkòkò.