Oko, Láìsí Àmì Ohùn

Ọjọ́ Sátidé ni, òjò Dundee ń pọ́n fèrèsé lá,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti Broughty Ferry,
bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, tíì mi ò tíì tutù débi mímu,
ni tẹlifóònù dún.
Ọkùnrin kan ni. Ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí bọ́tà ẹ̀gbẹ́ sítóòfù:
"Màdáámù, olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà yín.
Àwa la ṣe é. Àwa la fẹ́ bá yín lé e jáde."

Nílé wa ní Ìgbájọ, bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn lóru,
a ó bi í pé, "Ta nì yẹn?"
Bó bá ní "Èmi ni," bàbá mi kì í dìde.
"Ta ni ń jẹ́ Èmi?" ni yóò wí látorí ẹní,
títí onítọ̀hún yóò fi dárúkọ ara rẹ̀, tí yóò dárúkọ ìyá rẹ̀,
kó tó wá yọ ọ̀pá ìdábùú.
Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré.
Síbẹ̀, ọkùnrin yìí wí pé "Àwa ni,"
mo sì yọ ọ̀pá.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Ògiri mi ò lanu o.
Èmi ni mo lanu,
tí mo ń ka nọ́ńbà fún un ní méjì méjì bí ẹni ń ka owó àjọ.

Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀.
Ọwọ́ mi wà lórí itan mi.
Ó gba orí ìwé owó oṣù kọjá, ó gba orí fọ́tò páásì,
ó yà sí lẹ́tà tí ìjọba fi gbà wá láyè láti máa gbé,
ó ṣí i, ó pa á dé, bí ẹni ń yẹ bàtà òkìrìkà wò.
Lẹ́yìn náà ó dúró lórí fódà kan tí mo pè ní "oko".

Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tà fún mi níbí ò mọ àmì ohùn.
Ọkọ tí mo fẹ́, ọkọ̀ tó máa ń wà, ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un,
ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀: oko.
Olè náà lè rò pé iṣu ni mo gbìn síbẹ̀.
Ohùn Akínkúnmi ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún péré,
tó ń wúkọ́, tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ omi gbígbóná tó bá kú,
nítorí ó mọ̀ pé òun ò ní pẹ́.
Ẹ̀dà kan ṣoṣo. N ò ṣe èkejì rí.

Mo fa wáyà tu lára ògiri.
Kì í ṣe nítorí owó.

Lọ́jọ́ kejì, Ìtùnú wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Glasgow.
Kò bá mi wí. Ìbá sàn kó bá mi wí.
Ó pe báńkì, ó fọ ẹ̀rọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀,
ó da ohùn bàbá rẹ̀ sórí nǹkan kékeré méjì tí kò ju àtàǹpàkò lọ:
ọ̀kan wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, ọ̀kan bá a lọ.
Ó ní bí ẹ̀rọ bá ní òun fẹ́ àtúnṣe, kí n má sọ "ó dọ̀la" mọ́.
Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun, kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í ṣe orúkọ òun:
"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ò mọra wọn rí, Màmá."
Mo rí mẹ́rin. Wọn ò mọra.
N ò ní sọ wọ́n níbí.

Morag òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò òdòdó.
Ó ní ta ló máa wo ibẹ̀? Mo ní, èmi ti wò ó.

Tẹlifóònù ṣì ń dún lọ́jọ́ Sátidé míì.
"Àwa ni," ni wọ́n ń wí.
Mo jókòó, bàtà lẹ́sẹ̀,
mo fi ohùn Ìgbájọ dá wọn lóhùn:
Ta ni ń jẹ́ Àwa?
Ẹ dárúkọ ìyá yín.