Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Bàbá Mi

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà wọ Ìsánlú-Ìsin.
Ọlọ́kadà ló gbé e wá láti Òmù-Àrán;
kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó nà án sí mi
bí ẹni tó ń dá ṣẹ́ńjì padà.
Bàbá mi Ọ̀jẹ́dìran jókòó lórí àpò kajú tó ṣófo.
Ó ní, "Kà á. Má fi nǹkan kan sínú."

Mo kà á.
Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka orúkọ báńkì,
mo ka owó tó yá lọ́dún tí kajú wọ́n bíi wúrà,
tó fi ilé dúró,
tí òjò òru wá ká àádọ́ta àpò mọ́ ìta,
tí oníbàárà Ògbómọ̀ṣọ́ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
tó yí ọkọ̀ padà.
Mo dé ibi tí ọjọ́ wà, ahọ́n mi kọsẹ̀.
Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ yọjú nígbà tí ààyè bá wà."

Bàbá mi ò mọ ìwé,
ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló fi ń wo ojú ìwọ̀n.
Ó gba bébà náà, ó fi èékánná tẹ ibì kan:
"Ṣé èyí kọ́ ni méjì, tí oókan tẹ̀ lé e?
Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn ìyẹn ń kọ́?"
Mo ní, "Wọ́n á ta ilé."

Láyé bàbá bàbá rẹ̀, ológò ni wọ́n ń rán sí onígbèsè:
á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú èèyàn, á máa pa adìẹ jẹ.
Ṣùgbọ́n ó lójú. A lè bẹ̀ ẹ́, a lè bá a jà.
Bébà ò jẹ adìẹ.

Lálẹ́, àwọn àbá wọlé, kálukú pẹ̀lú bàtà tirẹ̀.
Ayélàágbé àbúrò rẹ̀ ní ká kọ ọ́ sára ògiri
pé ilé yìí kì í ṣe títà.
Bàbá ní, "Ta la fẹ́ tàn? Èmi ni mo tẹ̀ka."
Olórí ẹbí ní ilẹ̀ ẹbí ni,
ìka ẹnìkan ò tó í fi dúró, ká gbé wọn lọ kóòtù.
Bàbá ní, "Owó tí mo ná ń kọ́? Ṣé ti ẹbí lòun náà?"
Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kàdúná: ká ta oko kajú.
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Iná ọyẹ́ ti jẹ ìdajì; ìdajì yòókù ló ń bọ́ wa.
Ìyá Dọ́káàsì, akọ̀wé àjẹsẹ́kù, ló wá béèrè pé,
"Ta ló ti lọ jókòó níwájú wọn rí?"

Kò sẹ́ni tó lọ.
Ọdún kan àbọ̀ la fi gba ẹ̀yìnkùlé jáde
nígbàkigbà tí alùpùpù báńkì bá dún.

Láàárọ̀ Ajé ó wọ bùbá tó fi ń lọ ìsìnkú.
Ọmọdé ni Wàhábì tó jókòó sẹ́yìn tábìlì.
Bàbá ò bẹ̀bẹ̀. Ó ní,
"Yàrá méje ni. Tẹ́ ẹ bá tà á, ta ni yóò rà á ní Ìsánlú?
Àwọn tó lówó ti kọ́ tiwọn, aláǹgbá ló ń gbé ibẹ̀.
Ẹ jẹ́ kí àwọn tíṣà gba mẹ́ta iwájú.
Kí owó ilé má kàn mí lọ́wọ́, kó máa wá bá yín tààrà."
Wàhábì wo àjà.
Ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ Ìlọrin.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìlọrin fi ronú.
Wọ́n sún un sí ọdún mẹ́ta. Èlé ò yẹ̀ ní tiẹ̀.

Tíṣà ìṣirò ló ń sùn ní yàrá Bàbá báyìí.
Bàbá wà lẹ́yìn, níbi tí ìyá rẹ̀ ń kó igi ìdáná sí,
ó ń gbọ́ bí àlejò ṣe ń pa rédíò.
Àwọn alẹ́ kan, ó máa ń fa lẹ́tà yẹn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí:
"Kà á."
Mo máa ń kà á.
N kì í fi ọjọ́ kankan sínú mọ́.