Okùn Lígálì

Nísàlẹ̀ afárá Àjàṣẹ́, létí ọ̀sà,
Lígálì jó ẹnu okùn ọ̀rá méjèèjì lórí àbẹ́là,
ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Okùn ò lórí mọ́, kò nídìí.
Kókó wà láàrin rẹ̀.
"Ìwọ tó o lọ kọ́ ìṣirò, tú u fún mi.
Má fi ọ̀bẹ kàn án."

Mo fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, òórùn ẹja gba ìka mi.
Kò tú.
Ṣùgbọ́n àìtú alẹ́ kan kọ́ ni àìtú títí ayé;
bóyá ọ̀nà kan wà tí ọwọ́ mi ò tíì gbà.

Mo yà á sínú kàyé.
Ìgbà mẹ́ta ni okùn gun ẹ̀yìn ara rẹ̀.
Ewé mẹ́ta tó yọ, mo fi èédú kùn wọ́n,
mo gbé ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sínú dúdú kọ̀ọ̀kan,
mo fa ìlà gba oríta kọjá, láti ẹ̀wà dé ẹ̀wà.
Bẹ́ẹ̀ ni okùn ṣe pòórá.
Ó ku ààrò mẹ́ta tí kì í da ọbẹ̀ nù.

Wàyí o, mú ìlà kan. Ọ̀nà méjì ló ní:
nù ún kúrò, tàbí kí o fún un pọ̀
títí ẹ̀wà méjì á fi di ọ̀kan.
Kọ tibí, kọ tọ̀hún, rò wọ́n pọ̀.
Tún mú òmíràn. Nígbà tí ìlà tán,
lẹ́tà kan ló kù, tó ń gun àkàsọ̀:
ó tẹ ìkíní, ó fo ìkejì, ó tẹ ìkẹta,
ní ìkẹrin ó jẹ gbèsè.
Èkejì rẹ̀ tó wà nínú dígí,
inú kànga ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí, pẹ̀lú gbèsè kan náà.

Lọ́ ọ, jókòó lé e, àkọsílẹ̀ yìí ò ní yẹ̀.
Òrùka lásán, "ọ̀kan" péré ló ń dáhùn.
Tiwa ò dáhùn bẹ́ẹ̀. Kò ní tú.

Lígálì rẹ́rìn-ín.
"Mo ti mọ̀ kí n tó fún ọ. Ṣùgbọ́n gbọ́, Fáìzátù:
ṣé kókó kan ò sí níbì kan, tó le ju èyí lọ,
tó máa purọ́ fún ẹ pé òrùka lòun?"

Mo ní, a ò mọ̀.
Mo ní, kò sí ẹni tó mọ̀, títí dé òkè òkun.

Ó wo ọ̀sà fún ìgbà díẹ̀,
ó fẹ́ àbẹ́là pa,
ó wọ inú ọkọ̀ lọ wá okùn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.