Ìdánwò Sólrún

Ìwé ìdánwò náà ní ìlà mẹ́rìnlá.
Ìkejì: fọ ọwọ́ kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn.
Ìkẹfà: wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìkọkànlá: òtítọ́ ni kí o sọ fún un.

Sólrún fọ ọwọ́ títí ó fi pọ́n.
Yìnyín ń yọ́ lára bàtà olùdánwò lẹ́nu ọ̀nà.
Ní abúlé apẹja yìí, létí òkun Àísílándì,
òkè ti gbé oòrùn pamọ́ láti oṣù kọkànlá.

Hallvarður fa apá yọ nínú ìfúnpá rọ́bà,
ó tì í bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì:
“Guðný dà? Ẹja ti ń tutù.”

Ọdún kẹfà rèé tí Guðný ti wọlẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé, Sólrún sọ ọ́ fún un,
baba sì ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.
Ó kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni.

Lónìí ó fa àga, ó jókòó.
“Irú ẹja wo ni Guðný máa ń sè?”

Baba rẹ́rìn-ín.
Ó ní ẹja gbígbẹ, pẹ̀lú ọ̀dùnkún,
àti iyọ̀ tó máa ń pọ̀ jù, tí òun ò jẹ́ sọ.
Ọ̀rọ̀ rere yọ apá lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì.

Olùdánwò gbé kálàmù lé ìlà kọkànlá,
kò kọ nǹkan kan.
Nígbà tó yá, ó bi baba:
“Ṣé iyọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Sólrún lọ gbé omi tíì kaná.
Omi hó. Ìlà náà ṣì ṣófo.