Irin Mẹ́ta Nínú Àpò Ìrẹsì

Bàbá mi ló lagi l'Ókobàbá, létí ọ̀sà,
títí lẹ́búlẹ́bú igi fi di ikọ́ sí i láyà.
Èmi ò la gẹdú.
Igi kéékèèké ni tèmi,
èyí tó hù síbi tí kò yẹ:
lẹ́yìn ilé, lábẹ́ wáyà iná, nínú lílà ògiri,
igi tí ìdí rẹ̀ kò ju itan ọmọdé lọ.

Àpò ìrẹsì kan ni mo fi ń kó irinṣẹ́ mi:
àdá, àáké kékeré,
àti ayùn tó ń ká bí abẹ ìfárí,
tó ń gbé eyín ara rẹ̀ mì.

Àdá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn.
Èèkù rẹ̀ mọ àtẹ́lẹwọ́ mi ju ìyàwó mi lọ.
Fún ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, fún ìtàkùn, kò sírú ẹ̀:
fìrì, ó ti bọ́ sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n gbé e dé ìdí igi tó gbó,
á máa ta padà
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.
Èkó pàápàá ò fẹ́ràn ẹni tó gbé àdá rìn.
Lọ́jọ́ kan ní Òyìngbò, ọlọ́pàá tú àpò mi:
"Ta lo fẹ́ lọ bá jà?"
Mo ní, "Gúáfà ni, ọ̀gá."
Ó ní kí n jókòó.
Mo jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.

Àáké ò purọ́.
Bó bá wọlé, ó wọlé nìyẹn.
Àmọ́ àáké ń fẹ́ àyè,
ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ sẹ́yìn kó tó bọ̀ níwájú,
níbo làyè wà l'Ébùúté Mẹ́ta?
Ẹ̀yìn rẹ, ògiri; iwájú rẹ, táǹkì omi;
lápá òsì, fèrèsé gíláàsì Bọ̀dá Ṣẹ́nọ́bù.
Wọ́n ní àáké tí ń gégi kọsẹ̀,
gbẹ́nàgbẹ́nà bu ètùtù sórí.
Tèmi kọsẹ̀ lọ́dún tó kọjá:
ẹgbẹ̀rún méje náírà lètùtù, owó gíláàsì.

Ayùn ń kọ́ mi ní sùúrù.
Tì í, kò ṣe nǹkan kan.
Fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, ó jẹ.
Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ là ń tì.
Àléébù rẹ̀ rèé: bí igi bá fì sí i,
á di í lẹ́nu mú, ẹ ó jọ dúró síbẹ̀ ni.
Eyín kan ká, ó tán,
nígbà tí okúta ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ti tó àdá pọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Màmá Sínótù ránṣẹ́ pè mí.
Gúáfà rẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò wá ihò ṣaláńgá.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú yàrá,
nítorí náà, àáké kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.
Ó gbé àpótí, ó jókòó tì mí.
Ó ní igi yìí lòun ń so okùn aṣọ mọ́
lọ́jọ́ tí gẹdú gba ojú omi dé láìsí ọkọ òun.
Ó wo àwọn irin tí mo tẹ́ sílẹ̀,
ó tọ́ka sí wọn níkọ̀ọ̀kan:
"Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kì í dun igi?"

Wọ́n ti bi mí léyìí tó yá jù,
wọ́n ti bi mí léyìí tó fúyẹ́,
èyí tí kò wọ́n.
Mo ká ayùn. Mo tún ṣí i.
Èsì kò sí nínú àpò náà.

Mo fà á, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.
Igi náà sùn sórí ewé ara rẹ̀,
kò fọ́ àwo kan, kò jí ọmọ.
Màmá ṣa gúáfà tútù kan nínú lẹ́búlẹ́bú,
ó gbóòórùn rẹ̀,
ó dì í mọ́ etí ìró.

Lẹ́yìn náà ló ka owó mi,
ó yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò níbẹ̀,
ó ní kùkùté ṣì wà nílẹ̀.