Irin Abẹ́ Bàtà

Ọdún kọkànlélógójì rèé tí mo ti ń pọ́n irin bàtà yìnyín
lẹ́yìn pápá họ́kì Koskiranta,
níbi tí òórùn iléeṣẹ́ pépà ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Ẹ bi mí ní ohun mìíràn.
Ẹ bi mí iye òkúta ìpọ́nrin tí mò ń jẹ tán lọ́dún,
ẹ bi mí ìdí tí àtàǹpàkò mi fi le bí èèpo igi.
Wọn ò jẹ́ bi mí.
"Hellevi, nínú Toimi àti Peetu, ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù?"

Ní alẹ́ Sátidé, nínú sọ́nà iléeṣẹ́,
pákó fẹ́lẹ́ ló là wá láàrin,
àwa obìnrin níhìn-ín, àwọn ọkùnrin lọ́hùn-ún,
omi ń dún ṣááá lórí òkúta gbígbóná.
Mo gbọ́ ohùn Raimo, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí ń dán yìnyín:
"Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà!"
Aṣọ wo? Àkísà wo?
Ìhòòhò ni gbogbo wọn jókòó,
wọ́n pọ́n bí edé tó bọ́ sómi gbígbóná.

Wọ́n ní Toimi Karjula ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni,
pépà ṣì wà nírun rẹ̀, kò fi nǹkan kan borí,
òtútù ń bu ọkùnrin jẹ létí,
àgbọ̀n rẹ̀ ti dá, ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ dì í,
ó sì gbá góòlù mẹ́rin wọlé àwọn ará olú-ìlú.
Mẹ́rin ni nígbà tí mo wà lọ́mọge.
Ó ti di méje báyìí.
Rédíò nìkan ló rí i lọ́jọ́ náà,
ẹni tó sì ti kú kì í tàsé mọ́.

Ti Peetu Ylitalo yàtọ̀.
Ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń fi òṣùwọ̀n wọn ẹ̀wà kó tó jẹ ẹ́,
aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ fún un bóyá ó sùn.
Ó ń ṣẹ́ ọ̀pá bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná,
owó oṣù mi kan, ọ̀pá kan.
Bó bá ṣì í gbá, kó tó délẹ̀ jókòó ó ti wà lórí fóònù:
wọ́n á dá a padà, wọ́n á wò ó díẹ̀díẹ̀,
wọ́n á tún dá a padà,
títí oorun á fi gbé wọn lọ.
Àṣìgbá Toimi bá yìnyín yọ́ nígbà ìrúwé.

Mo mọ ohun kan tí Raimo kò mọ̀.
Bàtà Toimi wà lórí ìṣó lẹ́yìn mi.
Ó gbé e wá kí n pọ́n ọn lọ́dún tó kú, kò padà wá gbà á.
Lọ́jọ́ kan, mo gbé e sábẹ́ iná, mo gbé ti Peetu tì í.
Ẹsẹ̀ òsì, apá inú, lẹ́bàá gìgísẹ̀:
ibì kan náà ni irin méjèèjì ti jẹ.
Ibẹ̀ ni ọkùnrin ń fara tì
nígbà tó bá gbọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn
tí kò sì rí i.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Kí ni wọn ó fi ṣe? Wọn ó tún bu omi sórí òkúta ni.

Lánàá, Peetu wọlé, ikùn ń yọ nímú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.
Ó na ọwọ́ sí bàtà orí ìṣó.
"Ẹ ò tíì pọ́n èyí?"
"Bí mo bá pọ́n ọn, ojú ibẹ̀ á pa rẹ́."
Ó fi ìka wá ibẹ̀, ó rí i.
Ó yí tirẹ̀ sókè, ó wò ó pẹ́.
Ẹ̀rọ ń kùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
"Yúrò mẹ́jọ," ni mo wí.
Ó fi mẹ́wàá sílẹ̀, kò dúró gba ṣéńjì,
ó rọra ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ yìnyín ẹnu ọ̀nà.