Èéfín Ọkọ̀ Ṣàdíkù

Ẹ́ńjìnnì ti jẹ etí bàbá mi tán.
Ọgbọ̀n ọdún ní èbúté Ẹ̀pẹ́,
ọgbọ̀n ọdún tó fi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ irin tó ń pariwo;
bí oúnjẹ bá délẹ̀ báyìí, èjìká rẹ̀ la máa ń fọwọ́ kàn.
Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò dín, imú rẹ̀ ò sì sùn.

Ó ní èéfín ní èdè.
"Bó bá funfun ní ìdájí ọyẹ́,
tó sì ká kúrò kí o tó mu ògì tán,
fi í sílẹ̀, òtútù ló ń mú un.
Bó bá funfun títí di ọ̀sán,
tó ń ta ọ́ lójú bí àlùbọ́sà,
dísù ń wọlé, kò rí iná tí yóò jó o.
Bó bá dàbí omi aró tí a fi ṣan ọwọ́,
ọ́ìlì ló ń jẹ. Rìǹgì ti gbó. Múra owó."
Dúdú ńkọ́, Bàbá?
"Dúdú? Ìbéèrè nìyẹn."

Ọjọ́ Àlàmísì ni Ṣàdíkù wakọ̀ dé,
èéfín dúdú bò ó láti ìdí ọkọ̀ dé àárín,
àwọn tó ń yan ẹja ń fi ìborùn dí imú.
Gbogbo èbúté di mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀kan náà.
Ẹnì kan ní dísù àdàlù ni.
Ẹnì kan ní kó ta ẹ́ńjìnnì náà fún onírin àlòkù.
Ṣàdíkù ní ayé ló ń bá òun jà,
ó ń wo ibi tí Làmídì so ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́.
Oṣù mẹ́rin rèé tí wọn ò kí ara wọn,
láti ọjọ́ tí àwọ̀n Ṣàdíkù ti di àwátì,
tó dúró ní gbangba, tó ní ọkọ àbúrò òun ló jí i.

Bàbá ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.
Etí dídi náà ní ọjọ́ tirẹ̀.
Ó gbé àwo tánganran funfun sí ẹnu sáléńsà,
ó kà títí dé ogún, ó fi ìka ra á:
gbígbẹ, bí ara ìdí ìkòkò, kò yọ̀ lọ́wọ́.
Mo tú fítà afẹ́fẹ́, mo gbé e sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kọjá.
Mo ro dísù sínú ìgò, ó ń dán bí oyin ìgàn.
Ínjẹ́tọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tutọ́ bó ṣe yẹ.

Ìgbà yẹn ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè:
"Ìgbà wo ló ti ń rìn bí aboyún?"
Ṣàdíkù na ìka mẹ́rin.
"Ọdún?"
Ó mi orí, ó nawọ́ sókè bí ẹni ń wá òṣùpá.
Bàbá wo omi. Ó wò mí.
Mo bọ́ bàtà.

Lẹ́yìn òjò, ọ̀sà kì í jẹ́ kéèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀;
ọwọ́ náà ni mo fi ríran.
Mo tọ irin dé ìdí fáànù, mo kan nǹkan
bí irun tí a dì láti Iléyá tí a ò tú.
Ọ̀bẹ, èémí, ọ̀bẹ, èémí.
Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo yọrí kí n tó gbé e jù sórí pákó:
àwọ̀n ni,
sílípáàsì pupa tí wọ́n gé so mọ́ etí rẹ̀ kó lè léfòó,
sílípáàsì ìyàwó Ṣàdíkù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Oṣù mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì fi wọ́ ọ ká ọ̀sà,
ó ń jẹ dísù ẹni méjì, ó ń fi èéfín jẹ́rìí,
Ṣàdíkù sì jókòó lórí olè tó ń wá.

A tún un ṣí. A wá èéfín tì.
Bàbá tẹ́ ọwọ́ lé igi ọkọ̀,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́ ọ, ó ní ó tó.

Ṣàdíkù sanwó láìnájà.
Ó sọ àwọ̀n sí èjìká, omi ń ro lẹ́yìn aṣọ rẹ̀.
Iwájú ọkọ̀ Làmídì ni ọ̀nà ilé rẹ̀ gbà.
Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ gbà,
ó yà sí ẹ̀yìn ọjà.

Bàbá lọgun, bí gbogbo adití:
"Kí ló wí?"
Mo fi ọwọ́ bo ẹnu hàn án.